Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alága Káńsù Ilẹ̀ Yorùbá: Ẹ Jẹ́ Kí Akọ̀wé Yín Lè Bi Yín

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ 137 tó wà ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó, àti ẹ̀yin tí ẹ ń darí àwọn LCDA, ìyẹn àwọn káńsù tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní àfikún,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ní ọdún 2008, èmi ni mo ń jókòó sídìí fèrèsé ìsanwó ní káńsù kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ọkùnrin kan tó wọ bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa wọlé. Ó fi orúkọ mi kí mi, ó sì na ìwé pélébé kan sí mi láti abẹ́ irin fèrèsé. Ìwé káńsù ni, orúkọ káńsù àti àmì rẹ̀ wà lókè. Báírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, bí alága wa ṣe máa ń kọ tirẹ̀, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìlà gígùn tó máa ń fà sí i nídìí. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé kí n fún ẹni tó mú un wá ní ₦84,000, pé ọ̀rọ̀ náà ò gba ìdádúró, pé fáọ́ṣà á tẹ̀lé e lọ́la.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn mi sọ fún mi pé kí n dìde, kí n gun àtẹ̀gùn lọ bi alága. Àtẹ̀gùn náà ò ju mẹ́rìnlá lọ, mo ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà. Mi ò dìde. Mo ka owó, mo fún ọkùnrin náà, ó ṣàdúrà fún mi, ó lọ.

Ìdí tí mi ò fi dìde gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì gun àtẹ̀gùn náà nígbà yẹn. Alága ní àlejò. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí?" Òun ló kọ ọ́ lóòótọ́. Ó wò mí, ó wo àwọn àlejò rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ lo wá fẹ́ máa yẹ̀ mí wò báyìí? Ṣé o ò mọ ọwọ́ mi ni?" Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì akápò, àgbà tó fẹ́ràn mi dénú, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọmọ mi, níbí, a kì í bi ọ̀gá bóyá òun ló sọ̀rọ̀. Tó o bá ti rí ọwọ́ ẹ̀, sanwó." Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi gbà mí nímọ̀ràn. Ìmọ̀ràn yẹn ni mo tẹ̀ lé ní Ọjọ́bọ̀ náà.

Ìwé kejì yìí, alága kọ́ ló kọ ọ́. A ò rí ẹni tó kọ ọ́ títí dòní. Wọ́n ń yọ ₦7,000 nínú owó oṣù mi fún oṣù 12 gbáko. Mi ò torí owó náà kọ̀wé o. Ó ti lọ, Ọlọ́run sì ti ṣe é.

Lọ́dún náà, kò sẹ́ni tó ń fi ímeèlì ṣiṣẹ́ ní káńsù wa. Àmọ́ nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbà mí sí ọ́fíìsì tó ń sanwó fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ní ìlú kékeré kan ní Massachusetts, wọ́n kó gbogbo àwa tuntun jọ láti kọ́ wa nípa ohun tí wọ́n ń pè ní phishing, ìyẹn fífi ímeèlì ẹ̀tàn gba àṣírí tàbí owó lọ́wọ́ ẹni, àti nípa àwọn tó ń fi ínfọ́ísì ayédèrú gbowó lọ́wọ́ ìjọba. Mo mọ̀ ọ́n kí olùkọ́ tó sọ ọ́ tán. Ọkùnrin oníbùbá yẹn ni. Ó kàn ti kúrò níwájú fèrèsé, ó ti bọ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí, àti ìdí tó fi jẹ́ àsìkò yìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá dájọ́ nínú ẹjọ́ tí Lateef Fagbẹ́mi, Mínísítà fún ètò ìdájọ́, pe ìjọba ìpínlẹ̀ 36 lórúkọ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n ní owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà, ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ gan-an ni kó máa bọ́ sí. Awuyewuye ò tíì tán lórí bí wọ́n ṣe máa ṣe é, mi ò sì fẹ́ dá sí ti òṣèlú. Ohun tí mo mọ̀ nípa owó ni pé ibi tó bá ń gbà kọjá lolè ń lọ ba sí. Nígbà tó jẹ́ pé inú àkáǹtì àjùmọ̀ní ti ìpínlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, kí ni gbájúẹ̀ fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ akápò káńsù? Lọ́jọ́ tí owó ọ̀nà, owó gọ́tà, owó ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé bá ń wọ àkáǹtì yín tààrà, wọ́n á mọ orúkọ akápò yín ju bí àwọn ará wọ́ọ̀dù yín ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ohun tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ ti wà níta. Ẹ wo pátákó tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tí ẹ ń kọ́ lọ́wọ́. Orúkọ iṣẹ́ wà lára rẹ̀, orúkọ agbaṣẹ́ṣe wà níbẹ̀, orúkọ káńsù náà ò gbẹ́yìn. Ẹ má yọ ọ́ o, ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ẹ ń fi owó wọn ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá dúró síwájú pátákó yẹn tó ya fọ́tò rẹ̀, ó ti ní ìdajì lẹ́tà tó fẹ́ kọ sí akápò yín. Nọ́ńbà àkáǹtì ni ìdajì yòókù.

Bí wọ́n ṣe ṣe é fún ìjọba ìbílẹ̀ Cabarrus ní North Carolina nìyẹn. Wọ́n ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama tuntun, ilé iṣẹ́ Branch and Associates ló gba iṣẹ́ náà. Ní ìparí oṣù Bélú ọdún 2018, ímeèlì wọlé pé Branch fẹ́ pààrọ̀ àkáǹtì tí wọ́n ń san owó rẹ̀ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ò kàn gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìlànà ṣe wí. Fọ́ọ̀mù padà dé, wọ́n ti kún un, ìbuwọ́lùwé wà níbẹ̀, ìwé báǹkì wà lára rẹ̀, bébà pé pérépéré. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀pẹ̀, nígbà tí Kérésì ku ọjọ́ mẹ́rin, $2,504,601 jáde. Oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́ ni Branch gidi béèrè pé owó àwọn dà. Báǹkì rí $776,518 gbá mú. $1,728,083 tó kù lọ ráúráú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbi fọ́ọ̀mù yẹn. Bébà la fi ń ṣe iṣẹ́ ọba. Bí bébà bá ti pé, tí òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, ọkàn wa á balẹ̀. Olè ni wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí ní Cabarrus. Olè ló kún un. Gbogbo ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń béèrè owó wá, ìbáà ṣe òǹtẹ̀, ìbáà ṣe ìwé tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ lókè, ìbáà ṣe ìbuwọ́lùwé, òun náà lè ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ohun tó nira fún un ni kó jẹ́ òun ló máa gbé fóònù nígbà tí ẹ bá pe nọ́ńbà tó ti wà nínú fáìlì yín láti ọjọ́ tí ẹ gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe náà. Nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì yín ni mo wí o. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ímeèlì tuntun, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀, òun náà ni yóò gbé e.

Ẹlòmíì á ní tóun bá rí ímeèlì ayédèrú, òun á mọ̀ ọ́n. Arlington ò jìnnà síbi tí mò ń gbé, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò sì gọ̀. Wọ́n ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú wọn lọ́wọ́ ni. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2023, agbaṣẹ́ṣe gidi àti ìlú ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ owó lórí ímeèlì, wọn ò mọ̀ pé àwọn gbájúẹ̀ ti wà nínú ímeèlì ìlú, tí wọ́n ń ka gbogbo rẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n já wọ inú ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé àwọn ni agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n ní kí ìlú má fi sọ̀wédowó san owó àwọn mọ́, kó máa fi í ránṣẹ́ sí àkáǹtì tààrà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sanwó fún olè, oṣù kan tẹ̀ lé òmíràn, ó di $445,945.73. Èrèlé ọdún 2024 ni agbaṣẹ́ṣe béèrè owó rẹ̀. Nígbà tí ìlú kéde ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Òkúdù, $3,308 péré ni báǹkì ṣì rí gbà padà.

Bí wọ́n ṣe sábà máa ń wọ inú ímeèlì ẹni kò le. Ímeèlì kan á dé pé lágbájá fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ. Tó o bá tẹ líǹkì rẹ̀, ojú ewé kan tó jọ ti Google tàbí ti Microsoft á ṣí, á ní kó o kọ páswọ́ọ̀dù rẹ. Tó o bá kọ ọ́, o ti fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Wọn ò ní jí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa ka ìwé rẹ. Wọ́n á mọ ẹni tí ò ń pè ní ẹ̀gbọ́n, wọ́n á mọ ẹni tó máa ń ṣàdúrà ní ìparí ìwé, wọ́n á mọ ọjọ́ tí owó máa ń jáde. Wọ́n tún lè ṣètò rẹ̀ kí ìwé tí agbaṣẹ́ṣe gidi bá kọ sí ọ máa gba ibòmíràn lọ, kó o má rí i rárá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá kọ̀wé sí ọ, kò sí ohun tó máa ṣàjèjì nínú rẹ̀ àfi nọ́ńbà àkáǹtì tuntun yẹn.

Nínú gbogbo wọn, ti Ottawa, olú ìlú Kánádà, ni mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2018, ímeèlì dé bá akápò ìlú náà. Akápò pátápátá ni mo wí, kì í ṣe akọ̀wé kékeré. Orúkọ máníjà àgbà ìlú ló wà lórí rẹ̀: ìlú ń ra nǹkan kan, ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ tíì jáde síta, kó tètè fi $97,797 ránṣẹ́. Akápò fi í ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òmíràn dé, èyí lé ní $154,000. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ìpàdé káńsù ni akápò wà, máníjà náà sì jókòó níbẹ̀. Akápò bi í. Máníjà ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Akápò kan náà ni, ọ̀gá kan náà, olè kan náà. Owó àkọ́kọ́ lọ, èkejì ò lọ, nítorí pé ní ìgbà kejì, ẹnì kan la ẹnu béèrè.

Ẹ wá gbé e wá sí káńsù tiyín. Akọ̀wé kékeré kan jókòó, ìránṣẹ́ wọlé sórí WhatsApp rẹ̀. Fọ́tò yín ló wà lójú rẹ̀, èyí tí ẹ wọ agbádá ọjọ́ ìbúra. "Mo wà ní ìpàdé pẹ̀lú Kábíyèsí, má pè mí. Fi owó agbaṣẹ́ṣe yẹn ránṣẹ́ sí àkáǹtì tuntun yìí kí n tó jáde." Kí ló máa ṣe? Ó mọ̀ pé ẹ lè wà lọ́dọ̀ Kábíyèsí lóòótọ́. Ó mọ̀ pé tó bá pè yín tó sì jẹ́ ẹ̀yin ni, ó ti yájú sí yín. Ó ní ọmọ nílé ìwé. Á sanwó náà. Òwe wa sọ pé abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ tí akọ̀wé bá bi alága bóyá òun ló pàṣẹ, ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé là ń pè é. Ọmọ tí a bá fi ìtìjú pa ẹnu rẹ̀ dé bẹ́ẹ̀, gbájúẹ̀ la ń bá tọ́ ọ.

Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún yín yẹn ni wọ́n fi ń jí owó yín. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ eléyìí yé, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ẹ̀rọ kankan tí ẹ lè rà tó máa tún un ṣe fún yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè fi ẹnu ara yín tú okùn yẹn.

Ohùn yín pàápàá kò ṣeé gbára lé mọ́. Ẹ ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, fídíò yín kún orí Facebook láti ìgbà ìpolongo ìbò. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú ìyẹn ti tó fún kọ̀ǹpútà láti máa fi ohùn yín sọ ohun tí ẹ ò sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ìròyìn jáde pé òṣìṣẹ́ ìsanwó kan ní Hong Kong, ní ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ Arup tí orísun rẹ̀ jẹ́ ìlú Lọ́ńdọ̀nù, wọ ìpàdé orí fídíò, ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ ohùn wọn. Ayédèrú ni gbogbo wọn. Owó tó fi ránṣẹ́ tó mílíọ̀nù 200 dọ́là Hong Kong. Ẹni tó mọ ojú mọ ohùn ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀kan tó dùn mí. Ọmọ wa wà nínú àwọn tó ń ṣe é. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2019, Amẹ́ríkà kéde pé ọwọ́ ti tẹ ẹni 281 ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ lórí irú jìbìtì orí ímeèlì yìí, Nàìjíríà ni wọ́n ti mú 167 nínú wọn. Ní oṣù Bélú ọdún 2022, ilé ẹjọ́ kan ní Los Angeles rán Ramon Abbas, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Hushpuppi, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3. Lọ́sẹ̀ náà, mo wà ní yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́, obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ bi mí pé ìlú wo gan-an ni mo ti wá ní Nàìjíríà. Ó ti bi mí rí, mo sì ti sọ fún un rí. Mi ò lè gbé oúnjẹ náà mì mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé àwọn òyìnbó nìkan lọ̀rọ̀ yìí wà fún, àwọn ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ yìí mọ èdè wa, wọ́n mọ bí a ṣe ń kí àgbà, wọ́n sì mọ̀ pé a kì í já ọ̀gá níyàn. Tí owó bá dé káńsù, ilé ni wọ́n máa kọjú sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní ọjọ́ Ẹtì kan ní ọdún 2022, agbaṣẹ́ṣe tó ń da ọ̀dà sójú ọ̀nà ìlú wa kọ ímeèlì sí mi pé òun ti pààrọ̀ báǹkì. Ó mọ nọ́ńbà iṣẹ́ náà, ó mọ iye tí a jẹ ẹ́ dórí sẹ́ǹtì tó gbẹ̀yìn. Ó bi mí léèrè nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, èyí tí mo ti kọ̀wé sọ fún agbaṣẹ́ṣe gidi lóṣù tó ṣáájú. Mo ti tẹ nọ́ńbà àkáǹtì tuntun náà sínú kọ̀ǹpútà tán. Ó ku kí n tẹ ibì kan péré.

Bébà kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi, ó ti pọ́n lójú. Máníjà ìlú wa ló buwọ́ lù ú. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pààrọ̀ àkáǹtì, ká kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì, àti pé tí òun fúnra òun bá ní ká má pè, ká pè síbẹ̀. Mo ṣí fáìlì, mo pè. Ariwo ọkọ̀ kátapílà ló ṣáájú ohùn ọkùnrin náà wọlé. Ó ní, "Báǹkì wo? Báǹkì tí bàbá mi lò ni mo ṣì ń lò." Mo padà lọ wo ímeèlì náà. Lẹ́tà m tó wà nínú orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n fi r àti n sí i, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Àfi kéèyàn fi ojú mọ́ ara kọ̀ǹpútà kó tó rí i. Mo dìde, mo lọ sókè lọ sọ fún máníjà. Mo gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n jókòó, ó bu omi fún mi, ó ní mo ṣeun.

Mo sunkún nígbà tí mo délé, ọkọ mi ò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún.

Nílé, ẹ ní ohun kan tó dáa tí ọ̀pọ̀ báǹkì níbí ò ní. Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì onídíjíìtì mẹ́wàá, orúkọ ẹni tó ni ín á hàn kí owó tó lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ka orúkọ náà sókè, kí ẹlòmíràn máa fi ìwé iṣẹ́ wò ó, nítorí gbájúẹ̀ lè lọ forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ti agbaṣẹ́ṣe yín. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé owó nílé kì í pẹ́ lọ́nà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló fi ń dé, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, wọ́n ti lè pín in sí àkáǹtì lóríṣiríṣi, wọ́n ti gbà á tán lọ́dọ̀ oní-POS. Ímeèlì Gmail tí ọ̀pọ̀ káńsù fi ń ṣiṣẹ́ náà kò dáa tó, ẹnikẹ́ni lè ṣí òmíràn tó jọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Tí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Ní oṣù Ògún ọdún 2019, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ìṣúná ilé iṣẹ́ Allan Construction gba $1.04 mílíọ̀nù owó Kánádà lọ́wọ́ ìlú Saskatoon. Ìlú náà sá tọ báǹkì, ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n sì kéde rẹ̀ fún aráàlú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n rí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú owó náà gbà padà. Wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, wákàtí yẹn gan-an ni akọ̀wé tí ẹ̀rù ń bà máa fi ń sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí kò ní lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Peterborough, ìlú kékeré kan ní New Hampshire tí èrò rẹ̀ lé díẹ̀ ní 6,000, $2.3 mílíọ̀nù ló lọ ní ọdún 2021, owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó afárá. Àwọn aláṣẹ sọ pé àwọn ò rò pé òṣìṣẹ́ kankan lọ́wọ́ nínú rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìsanwó tí wọ́n tàn lọ jókòó sílé ná títí ìwádìí á fi parí. Mo mọ bí ilé ṣe ń rí lójú ẹni tí wọ́n bá sọ irú ẹ̀ fún. Tí ẹni tó sanwó bá mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ̀yin ló máa kọ́kọ́ sá wá bá, ẹ ó sì lè tètè pe ẹ̀ka tó ń gbógun ti jìbìtì ní báǹkì yín, kí ẹ pe EFCC àti àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ní ná káńsù ní kọ́bọ̀. Ìwé ojú kan ni, tí ẹ máa buwọ́ lù. Kí ó má bàa di ohun tí ẹ ó máa sún síwájú, mo ti kọ ọ́ fún yín:

"Láti òní lọ, òṣìṣẹ́ kankan ní káńsù yìí kò gbọdọ̀ sanwó tàbí kó pààrọ̀ nọ́ńbà àkáǹtì ẹnikẹ́ni nítorí ímeèlì, WhatsApp, ìwé àfọwọ́kọ tàbí ohùn orí fóònù nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀. Kó kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì, kó kọ ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ẹnì kejì sì fọwọ́ sí i. Òṣìṣẹ́ tó bá wá bi mí bóyá èmi ni mo pàṣẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá bá a wí nítorí ìyẹn, èmi ló máa wá rí."

Ẹ kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo wọn, kí HLA, ìyẹn olórí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, àti akápò wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí akọ̀wé kan bá wá bi yín, kódà tí àlejò bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ dá a lóhùn dáadáa, nítorí gbogbo ọ́fíìsì á ti gbọ́ bí ẹ ṣe dá a lóhùn kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ lẹ ìwé náà mọ́ ni ara fèrèsé ìsanwó, nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ẹni tó jókòó á ti máa rí i nígbà tí ẹni tó dúró níta bá ń na nǹkan sí i.

Èmi ni ọmọ yín,
Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì akápò nígbà kan rí,
Massachusetts.